Èsì: Ẹ má tíì wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá àgbà yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá àgbà yín ní Tákíé l'Ógbòmọ̀ṣọ́, tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, pákó lókè, kẹ́ ẹ fi kọ́ plásà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wó o! Ọ̀pọ̀ irú ilé yẹn l'Ógbòmọ̀ṣọ́, owó òwò Gáná ni wọ́n fi kọ́ ọ, kí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáná nígbà yẹn, tó lé àwọn èèyàn wa kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1969. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gún igi àjà níbi tó ti wọnú ògiri, ibẹ̀ ni ikán àti omi òjò ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tó bá jẹ́ ìrókò tí ọ̀bẹ ò sì wọlé, bóyá páànù nìkan lẹ máa pààrọ̀. Tó bá jẹ́ ògiri amọ̀, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ o, omi á há sínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á máa bó. Ẹ ya fọ́tò àjà yẹn síbí ká rí i.