Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Save (àkọsílẹ̀ ibi tí a gbá géèmù dé) inú kásẹ́ẹ̀tì Game Boy kò sí lórí Nintendo Switch Online

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kásẹ́ẹ̀tì Link's Awakening tí ẹ̀gbọ́n mi tó ti di olóògbé máa ń gbá lórí Game Boy ṣì wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Mo gbọ́ pé wọ́n ti dá géèmù náà padà sórí Nintendo Switch Online, ètò owó àsansílẹ̀ tó wà lórí ẹ̀rọ géèmù Nintendo Switch. Tí mo bá san owó rẹ̀, ṣé màá bá géèmù níbi tí ẹ̀gbọ́n mi gbá a dé? Ẹnì kan ní òun lè bá mi gbé e síbẹ̀, kí n sáà fún òun lówó àti pásíwọ̀ọ̀dù mi. Ṣé mo lè ju kásẹ́ẹ̀tì náà nù tó bá ti parí?

Ìdáhùn: Ẹ má jù ú nù o. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní pásíwọ̀ọ̀dù yín. Ẹ kú ará fẹ́ra kù, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín.

Láti oṣù kejì ọdún 2023 tí àwọn géèmù Game Boy ti dé sórí Nintendo Switch Online ni irú ìbéèrè yìí ti ń wá léraléra, ibì kan náà ni gbogbo yín sì ti ń ṣìnà. Ẹ rò pé Nintendo ní ibi tí ẹ gbá géèmù yín dé nípamọ́ níbì kan, pé owó tí ẹ bá san ni yóò ṣí i. Wọn ò ní in. Wọn ò fìgbà kankan ní in. Game Boy tó jáde ní 1989 kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ọ̀nà tí yóò fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ti rí idà.

Inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni àkọsílẹ̀ náà wà. Tí ẹ bá tú u, ẹ ó rí pátákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n to àwọn chip sí. Ọ̀kan nínú wọn ni ROM: géèmù fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ ti kọ ọ́ tán, kò ṣeé pa rẹ́. Òmíràn ni SRAM, òun ló ń tọ́jú save, ìyẹn orúkọ tí ẹ̀gbọ́n yín tẹ̀, ohun ìjà tó ti kó jọ àti ibi tó dúró sí. Wàhálà SRAM ni pé tí iná bá kúrò lára rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jó bátìrì fólítì 3 kan mọ́ pátákó náà, ó rí róbótó bí owó ẹyọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe kásẹ́ẹ̀tì ni bátìrì yẹn ti ń fún chip náà níná tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tó bá kú, save bá a lọ. Géèmù á ṣì máa ṣiṣẹ́, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹ ó ti máa bá a.

Èyí tó wà lórí Switch, ohun tó wà nínú ROM nìkan ni. Emulator, ìyẹn ètò tó ń ṣe bíi Game Boy nínú ẹ̀rọ mìíràn, ló ń kà á. Link's Awakening DX, aláwọ̀ mèremère tó jáde ní 1998, ni wọ́n sì gbé síbẹ̀. Tí kásẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ ti 1993, ẹ̀dà tirẹ̀ kọ́ rárá. Nintendo kò ṣe ọ̀nà kankan tí a lè fi kó save láti inú kásẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn á ní láti já ìdè tí iléeṣẹ́ fi sí ẹ̀rọ, Nintendo sì máa ń fòfin de ẹ̀rọ tí wọ́n bá ká irú ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní kí ẹ mú pásíwọ̀ọ̀dù wá yẹn, àkáǹtì yín ló ń wá.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pe ara wọn ní alátùn-únṣe. Wọ́n á gba kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yọ bátìrì, wọ́n á fi tuntun sí i, wọn ò ní béèrè bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Bí bátìrì àtijọ́ ṣe kúrò lára pátákó báyìí, save ti lọ nìyẹn. Wọ́n á wá sọ fún olówó rẹ̀ pé ogbó ló pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún irú wọn.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ yá ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́: Game Boy, Game Boy Pocket, Game Boy Color, Game Boy Advance tàbí Advance SP. Nintendo DS kò lè ka kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Itọ́ ń dá ìpẹtà sílẹ̀ lára irin. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú isopropyl alcohol nu eyín irin rẹ̀, kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó tì í bọ ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ wà ní pípa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tàn án.

Tí ẹ bá rí orúkọ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ pa iná ẹ̀rọ náà, kí ẹ wá ẹni tó ní cartridge reader, ẹ̀rọ kékeré tó ń da ohun inú kásẹ́ẹ̀tì kọ sórí kọ̀ǹpútà. Kí ó kọ́kọ́ da save kọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ó pààrọ̀ bátìrì, kí ó wá dá save padà síbẹ̀. Bátìrì tó ti ní ẹsẹ̀ irin lára ni kí ó lò. Kò gbọdọ̀ gbé soldering iron, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó nǹkan mọ́ pátákó, lé ara bátìrì gan-an, bátìrì lè bẹ́. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò bọ́ sí i, kásẹ́ẹ̀tì tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kì í ṣe ọmọdé. Àmọ́ tí orúkọ kankan ò bá sí níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti nù ún dáadáa, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá ní òun lè wá a jáde.

(Ẹ̀yin tó ní Pokémon Ruby, Sapphire tàbí Emerald, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí ẹ bá rí i kọ pé bátìrì ti kú, aago inú géèmù nìkan ló dúró. Save tiyín wà nínú chip tí kì í gbára lé bátìrì.)

Ní ti owó àsansílẹ̀, tó bá wù yín láti gbá géèmù náà fúnra yín, ẹ san án, ó dára. Dọ́là 19.99 ni ẹnì kan ń san lọ́dún ní Amẹ́ríkà fún èyí tí Game Boy àti Game Boy Color wà nínú rẹ̀. Ti Game Boy Advance wà nínú Expansion Pack, ìyẹn ìpele tí owó rẹ̀ ga jù, dọ́là 49.99. Ẹ ó máa so ẹ̀rọ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ méje. Ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ owó dúró, ẹ ò ní lè gbá a mọ́. Tẹ́lẹ̀, a lè ra DX yẹn pátápátá lórí Nintendo 3DS, àmọ́ wọ́n ti dẹ́kun títa ọjà níbẹ̀ láti ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2023.

Tí ẹ bá ti rí ẹ̀rọ yá, ẹ má gbé e fún ọmọdé. Ẹ má tẹ ERASE, ẹ má bẹ̀rẹ̀ géèmù tuntun lórí àyè tí orúkọ ẹ̀gbọ́n yín wà. Bí ọkàn yín ò bá gbà, tí ẹ wọlé wo ibi tó dúró sí, ẹ kàn pa iná ẹ̀rọ tí ẹ bá wò ó tán. Ẹ má save.