Gámbíà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi mí léèrè odò rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè bóyá ọjọ́ méjì tó láti kó aṣọ tà yí Gámbíà ká, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tóbi, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn lọ́dún 2015, òru méjì ni mo sì sùn sétí odò.

Gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 11,300 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Sẹ̀nẹ̀gàl yí i ká, àfi apá ibi tí òkun wà. Ṣùgbọ́n odò Gámbíà ló la ìlú náà já, òun ló sì ń pàṣẹ fún oníṣòwò. Mo kó àdìrẹ àti léèsì funfun láti Serekunda lọ sí Farafenni ní òdìkejì odò, sí ọjà ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lumo. Nígbà tí mò ń bọ̀, tírélà ti tò dé ibi tí ojú kò ká a mọ́, fẹ́rì ò sì tètè dé. Òjò rọ̀ lóru kejì. Ìgbà tí mo tú ẹrù, aró ti ràn mọ́ léèsì mi, búlúù roboto-roboto. N kò rí ọ̀kan tà níbẹ̀.

Lóṣù kìíní ọdún 2019 ni wọ́n ṣí afárá Senegambia lágbègbè Farafenni náà, ìyà yẹn ti fúyẹ́. Àmọ́ láàárín Barra àti Banjul, fẹ́rì ṣì ni. Ìdájí ni kí ẹ ti débẹ̀.

Mandinka ló pọ̀ jù níbẹ̀; Fúlàní, Wolof, Jola àti Serahule náà wà. Ẹ kí wọn, kí ẹ bèèrè ilé, ọmọ àti ara, kí ẹ tó dárúkọ owó. Èmi tí mo máa ń kọ́kọ́ pe iye aṣọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó láìtà, kí ìyá ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó là mí lóye.

Ẹ wá àwọn Aku rí ní Banjul. Púpọ̀ nínú baba ńlá wọn ni ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown ní Sierra Leone, kí àwọn kan tó ṣí wá sí Bathurst, ìyẹn Banjul, tí òyìnbó tẹ̀dó lọ́dún 1816. Ìkíni wa ni orúkọ wọn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ìdílé kan pè mí síbi ìrántí òkú wọn, wọ́n ní "awujoh". Mo ní kí wọ́n tún un pè. Ẹ̀wà, àkàrà, epo pupa. Wọ́n gbẹ́ ihò kékeré, wọ́n bu oúnjẹ sí i, wọ́n ń dárúkọ àwọn tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá onílé kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí mo sọ fún un pé àwùjọ ni àwa náà ń pe ibi tí èèyàn bá pé jọ sí, ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè jù ú sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Ẹ fi ọ̀rá di funfun lọ́tọ̀, kí ẹ tó kó o sínú àpò.