Ẹ Bi Bọ̀dá Chicago: Ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi nígbà 121

Láti ìgbà tí mo ti sọ nínú abala yìí pé White Sox ni ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tí mò ń tì lẹ́yìn, lẹ́tà yín ò dáwọ́ dúró. Àwọn kan ń bá mi kẹ́dùn, àwọn kan ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n gbé orúkọ wọn lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Mo mú díẹ̀ nínú ìbéèrè yín.

Bọ̀dá Chicago, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston la wà, Astros sì ni tiwa. Ọkọ mi ní kọ̀ǹpútà àti ìṣirò ló ba bésíbọ́ọ̀lù jẹ́, pé kò sẹ́ni tó mọ igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lò mọ́, àti pé White Sox yín ti ọdún 2024 ni ẹ̀rí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ìyá Ìbejì, Houston

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí bàbá wọn. Ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ kọ́ ni wọ́n mú.

Fún àwọn tí kò mọ ìtàn náà: eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá lọ́dún. Lọ́dún 2024, White Sox borí nínú 41, wọ́n fìdí rẹmi nínú 121. Láti ọdún 1900, kò sí ẹgbẹ́ tó tíì pàdánù tó bẹ́ẹ̀ nínú sáà kan. New York Mets ti ọdún 1962 ló wà nípò ìtìjú yẹn tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú 120. Nínú eré 25 àkọ́kọ́ wa, 3 péré la rí mú. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìpàdánù òmíràn, wọ́n pàdánù 21 léraléra kí wọ́n tó rí ẹyọ kan gbà ní Oakland lọ́jọ́ 6 oṣù kẹjọ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n lé mánéjà, Pedro Grifol, lọ. Wòlíì tí ẹ ní kí n wá, bó bá wà nípò ọkùnrin yẹn, wọn ì bá lé òun náà.

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ igi. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ 30, kò sí èyí tí ayò rẹ̀ kéré tó tiwa. (Ayò ni ìgbà tí ẹni tó mú igi bá sáré yí béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ibùdó orí pápá, padà délé.) Ayò 507 ni, ó lé díẹ̀ ní 3 nínú eré kan. Àwọn ajubọ́ọ̀lù wa kan ń ṣe bí akọni, Garrett Crochet pàápàá, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí Boston nígbà tí sáà parí. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, kí ni ajubọ́ọ̀lù fẹ́ ṣe fún ẹgbẹ́ tí kò rí ayò mú wálé?

Bí ìṣirò bá ń ba ẹgbẹ́ jẹ́, Houston yín ni ì bá kọ́kọ́ bà jẹ́, torí àwọn ni ògbólógbòó nínú rẹ̀. Ife World Series, ife àṣekágbá líìgì, ti 2017 àti 2022 sì wà nílé wọn. (Ti 2017 ní àlèébù tirẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká jà.) Tampa Bay tí kò lówó, ìṣirò ni wọ́n fi ń bá àwọn olówó du ipò. Iṣẹ́ oníṣirò owó ni mò ń ṣe jẹun, mo sì lè sọ fún yín pé ìwé owó kì í pa ọjà, ó kàn ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọjà ti ń kú ni. Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ tiwa kò fẹ́ gbọ́.

Ẹ wo ọdún 2022. Bí ẹ bá fi batting average wọ̀n wọ́n, iye ìgbà tí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù tó sì dé béèsì, àwọn White Sox wà lára àwọn tó dáa. Síbẹ̀ wọ́n borí nígbà 81, wọ́n pàdánù nígbà 81. Báwo ló ṣe jẹ́? Bọ́ọ̀lù tó ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń nà án. Èyí tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀lé e lọ sílẹ̀. Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé bí ajubọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù 4 síbi tí kò yẹ, tí ẹni tó mú igi sì dúró jẹ́ẹ́, ọ̀fẹ́ ló máa rìn lọ sí béèsì kìíní. Walk nìyẹn. Batting average kì í ka walk rárá, bí ẹni pé èèyàn ò ṣe nǹkan kan.

Ká ní ọmọkùnrin méjì ló wà, wọ́n mú igi nígbà 10 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ gbá 3 tó dáa, 7 já sófo: average rẹ̀ jẹ́ .300, gbogbo ayé á máa pàtẹ́wọ́. Èkejì gba walk 2, nínú 8 tó kù ó gbá 2: average rẹ̀ jẹ́ .250, àwọn èèyàn á ní kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ dé béèsì nígbà 3, èkejì dé ibẹ̀ nígbà 4. On-base percentage, ìdá ìgbà tí èèyàn dé béèsì, ló rí ìyàtọ̀ yẹn. Ohun tí Billy Beane, tó ń darí ẹgbẹ́ Oakland nígbà yẹn, fi gbéra nìyẹn: lọ́dún 2002, pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan, ó kó àwọn tí ẹlòmíràn kọ̀ jọ nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n dé béèsì. Wọ́n borí nínú eré 103 lọ́dún yẹn, 20 nínú rẹ̀ léraléra.

Bàbá Ìbejì á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ó ti o. Frank Thomas tiwa níbí, òmìrán tó gbá home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá odi pápá) 521, ó ti ń ṣe é ní 1990 nígbà tí mi ò tíì ní kọ̀ǹpútà nílé. Average rẹ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀ jẹ́ .301, ṣùgbọ́n ìgbà 419 nínú 1,000 ló fi ń dé béèsì. Á dúró, á máa wo bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń wo ayédèrú owó. Èyí tí kò bá wù ú, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ 2024 mọ igi lò. Ìgbà tí kò yẹ kí wọ́n lò ó ni wọn ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ló dé tí average gbogbo líìgì fi wálẹ̀ báyìí? Mo kà pé Ted Williams gbá .406 nígbà kan. Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham

Àbúrò, 1941 nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tún dé .400 láti ìgbà náà nínú American League àti National League, apá méjì líìgì ńlá. Tony Gwynn súnmọ́ ọn lọ́dún 1994 pẹ̀lú .394 kí ìyanṣẹ́lódì tó dá sáà náà dúró. Lọ́dún 2024, ti gbogbo líìgì jẹ́ .243.

Níbí ni mo ti gbà fún ọkọ Ìyá Ìbejì díẹ̀. Àwọn oníṣirò kọ́kọ́ ran àwọn ajubọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kí wọ́n tó ran àwọn tó mú igi lọ́wọ́. Kámẹ́rà ń ka bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí, wọ́n sì ń kọ́ ọmọkùnrin bó ṣe máa yí i síwájú sí i. Máìlì 95 láàárín wákàtí kan ti di nǹkan ojoojúmọ́. Láti orí òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù dúró sí dé ọ̀dọ̀ rẹ jẹ́ mítà 18 àti díẹ̀, bọ́ọ̀lù yẹn á dé láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Kí o tó sọ pé "ó dé," ó ti kọjá. Bó bá sì rẹ ajubọ́ọ̀lù kan, wọ́n á gbé ẹlòmíràn tó tún le jù ú lọ wọlé. Lọ́dún 2018, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn líìgì ńlá, iye strikeout (ẹni tó mú igi kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì lé e jáde) ju iye ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù dé béèsì lọ.

Wọ́n tún ń kó àwọn olùṣọ́ pápá jọ sí apá kan níbi tí ìṣirò ti sọ pé bọ́ọ̀lù ẹ máa gbà, títí líìgì fi fòfin dè é lọ́dún 2023. Inú mi dùn sí òfin yẹn ju ìbísí owó oṣù lọ.

Nítorí náà ni àwọn tó mú igi ṣe sọ pé, bí ó bá ṣòro tó báyìí láti rí ẹyọ kan gbá, kí èyí tí a bá gbá kúkú lọ jìnnà. Ìṣirò náà kò purọ́. Colson Montgomery tiwa, lọ́dún 2025 tó kọ́kọ́ dé, average rẹ̀ kò dé .240, ó sì gbá home run 21 nínú eré 71. Ta ni mo jẹ́ láti ní kó dín in kù? Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn wa wà ní béèsì kẹta, ẹnì kan péré ni wọ́n tíì lé jáde (out), bọ́ọ̀lù kékeré kan lásán á mú un délé, ọmọkùnrin á na igi bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ ìrókò. Strikeout. Luis Arraez ń bẹ tó ń fi igi rẹ̀ tọ́ bọ́ọ̀lù síbi tí kò sẹ́nì kan. Ó gba ipò kìíní nínú average ní líìgì tó ti ń gbá lọ́dún 2022, 2023 àti 2024, ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì fi gbà á. Àwọn oníṣirò ní kò lágbára tó, pé kì í gba walk. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, irú rẹ̀ kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ wa ti 2024, mi ò bá ti sun oorun díẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ ò kúkú bá Cubs lọ? Ìlú kan náà ni. Ẹni tó ń ṣàánú yín, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun fún àánú yín. Mo wà ní pápá wa, òpópónà 35, ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹsàn-án 2024. A ti pàdánù 120, ẹyọ kan ló kù kó di ìtàn. Àwọn kan wá kí ojú wọn lè tó o. Àwọn kan ń pariwo pé kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ tà á. Àwọn ọmọ wa sì dìde, wọ́n gba 3 sí 2 lọ́wọ́ Angels. Wọ́n gba ti ọjọ́rú, wọ́n gba ti Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú 7 sí òdo. Ìgbà tí wọ́n dé Detroit lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n tó jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ̀ láti ṣe é lójú wa. Cubs ò lè fún mi nírú ìyẹn, tíkẹ́ẹ̀tì wọn sì wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ nípa bésíbọ́ọ̀lù, kí ló kan Yorùbá níbẹ̀? Alákọ̀wé, Abẹ́òkúta

Ó kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Dúdú àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ White Sox ni Orestes Miñoso, tí wọ́n ń pè ní Minnie, ọmọ Perico ní agbègbè Matanzas, Cuba. Matanzas yẹn ni àwọn Lukumí, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa lọ sóko ìrèké, ti ń lu bàtá tí wọ́n sì ń kọrin òrìṣà títí dòní. Mi ò sọ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni Miñoso o, mò ń sọ ibi tó ti wá. Ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 1951, ìgbà àkọ́kọ́ tó mú igi fún Sox, ó gbá home run sí Yankees lójú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ nìyí: bí ajubọ́ọ̀lù bá fi bọ́ọ̀lù bà ọ́ lára, o dé béèsì lọ́fẹ̀ẹ́. Miñoso ń dúró súnmọ́ ibẹ̀ láìmikàn. Ọdún 10 ló fi jẹ́ ẹni tí bọ́ọ̀lù bà jù ní American League. Kò sẹ́ni tó fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ. Wọ́n gbé e wọ Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù, ní 2022, ó ti kú láti 2015, ìyẹn ò sì dára rárá. Àwọn ọmọ Cuba tẹ̀lé e wá: José Contreras àti Orlando Hernández wà lára àwọn tó gba ife fún wa ní 2005, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1917, José Abreu sì di MVP, agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù, ní American League ní 2020.

Ọmọ mi jẹ́ ọdún 11, ó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ní Maryland. Kóòṣì ní kó máa gbá a lọ sókè, bàbá àgbà rẹ̀ ní kó máa gbá a mọ́lẹ̀. Ta ni kó gbọ́? Màmá Ayọ̀

Màmá Ayọ̀, kóòṣì ló jàre díẹ̀. Orí òkìtì ni wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù, ó ń bọ̀ wálẹ̀ ni, torí náà igi tó ń lọ sókè díẹ̀ ló máa bá a pàdé dáadáa. Ted Williams ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kámẹ́rà. Kí bàbá àgbà má bínú.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 11 kò tíì nílò ìyẹn. Ẹ ní kó dúró síbi tí wọ́n ti ń mú igi, láìmú igi lọ́wọ́, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ju bọ́ọ̀lù, kí òun máa pariwo "ó dáa" tàbí "kò dáa" kí bọ́ọ̀lù tó dé. Kó ṣe é títí yóò fi sú u, kó tó di pé ó fọwọ́ kan igi. Bí kóòṣì bá ní kí ló ń ṣe, ẹ ní kó kọ̀wé sí mi.