Bébà tí mo bá nínú páálí láptọ́ọ̀pù ní Guangzhou

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní oṣù tó ń bọ̀ lẹ máa lọ sí Guangzhou, ẹ fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù àti fóònù díẹ̀ bọ̀, ẹ ò gbọ́ èdè Ṣáínà, ẹ ò sì lè kà á. Ẹ wá ń bi wá bóyá ẹ lè dá a ṣe láìwá ògbufọ̀. Ẹ lè dá a ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lọ́dún 2014 fún yín ná.

Òtẹ́ẹ̀lì tí mo dé sí ní Guangzhou máa ń kó ìwé ìròyìn sórí tábìlì láràárọ̀. China Daily ni mo máa ń mú, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àwọn tí wọ́n fi Ṣáínà kọ, mi ò tiẹ̀ kì í wò wọ́n, ẹsẹ̀ adìyẹ ni gbogbo ẹ̀ jọ lójú mi.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Shenzhen, mo gba ọjà Huaqiangbei lọ. Ẹ mú Computer Village Ìkẹjà, kẹ́ ẹ tò ó léra bí ilé alájà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tún kọ́ irú ẹ̀ bí mélòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìsọ̀ ẹlòmíì ò ju tábìlì kan lọ: skúrù nìkan lẹni yìí ń tà, ojú fóònù nìkan nìkejì ẹ̀ ń tà. Obìnrin kan ta láptọ́ọ̀pù mẹ́fà fún mi, "new, new" ló ń wí, àwọn páálí náà sì wà nínú náílọ́ọ̀nù pinpin. Kalikuléétọ̀ la fi nájà. Á tẹ iye tirẹ̀, á tì í sí mi, èmi náà á tẹ tèmi, á mirí, á rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a fi fẹnu kò, mo gbà pé mo rà á lọ́pọ̀. Ó kọ rìsíìtì, mo buwọ́ lù ú, ó di tan.

Alẹ́ ni mo tó ṣí páálí kan. Ibi tó yẹ kí fóòmù wà, ìwé ìròyìn ni wọ́n ká sínú ẹ̀. Mo gbé e lọ bá ọmọbìnrin tó ń gbàlejò nísàlẹ̀. Ó fìka tọ́ òkè bébà náà: 2014年5月21日. Ó ní 年 ni ọdún. 月, tó jọ àkàbà onípele méjì, ni oṣù. 日, tó jọ fèrèsé tí wọ́n fi igi kan dábùú, ni ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nìyẹn! Páálí tí wọ́n ní ilé iṣẹ́ ló dì í, ta ló wá ki ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí i nínú? A yọ bátìrì, a wo ara ẹ̀: 2011年. Ọmọ náà wá gba rìsíìtì lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu. 二手 ló wà níbẹ̀. 二 ni eéjì, 手 ni ọwọ́. Tòkunbọ̀! Èmi náà ni mo buwọ́ lù ú.

Mo padà lọ bá obìnrin náà lọ́jọ́ kejì. Kò bínú rárá. Ó mú ẹ̀dà rìsíìtì tirẹ̀ jáde, ó fìka lé ọ̀rọ̀ méjì yẹn, ó ń wò mí. Kí n sòótọ́, ẹnu ẹ̀ ló parọ́, bébà ẹ̀ ò parọ́. Owó tòkunbọ̀ náà ni mo tà wọ́n nígbà tí mo délé, mo sì jẹ gbèsè.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wá 二手 lórí rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì wá 翻新 náà, ìyẹn èyí tí wọ́n tún ṣe kó lè dà bíi tuntun. Fóònù lè fi kámẹ́rà túmọ̀ rẹ̀ fún yín, àmọ́ nílé ni kẹ́ ẹ ti gba èdè Ṣáínà sínú ẹ̀ sílẹ̀, torí Google kì í ṣí níbẹ̀. Fóònù tí wọ́n ṣe fún ọjà tiwọn kì í sábà ní Google nínú, ẹ béèrè dáadáa. Ẹ má lọ lọ́sẹ̀ October 1, ìsinmi ni wọ́n ń ṣe. Ní ti power bank, ọwọ́ lẹ máa gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí agbára tí wọ́n kọ sára ẹ̀ má ju 100Wh lọ. Láti June 28, 2025, èyí tí kò bá ní àmì 3C, ìyẹn àmì ààbò ti Ṣáínà, lára, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú tó ń ná inú Ṣáínà.

Nígbà tí mo padà lọ ní 2017, ọkùnrin kan gbé páálí kan síwájú mi nínú ọjà yẹn kan náà. Mo ní kó ṣí i. Mo dojú láptọ́ọ̀pù náà dé, mo fìka tọ́ 年 tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó rọra fà á padà, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó gbé òmíràn jáde.