Nígbà tí ọkọ̀ tòmátì kò bá dé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Oúnjẹ òde àríyá ni mò ń sè. Ọ̀dọ̀ alátà kan ṣoṣo ní ọjà Ṣáṣá ni mo ti ń ra tòmátì, apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá tètè dé láti òkè Ọya, ara mi kì í lélẹ̀ mọ́. Ṣé kí n máa rà á pamọ́ ni? (Alásè, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á pamọ́ ní tútù. Ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tó ti Kánò wá ti fọ́ lábẹ́ ẹrù orí rẹ̀, omi rẹ̀ á sì ba ìyókù jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ pín ìrajà yín. Ẹ ra apẹ̀rẹ̀ méjì lọ́wọ́ alátà yín, kí ẹ ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí ọjà tirẹ̀ ń ti ibòmíràn wá. Ẹ bèèrè dáadáa o: alátà méjì tí ọkọ̀ kan náà ń já ọjà fún, ẹnì kan ni wọ́n. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n ti Ṣáṣá pa lẹ́yìn ìjà, àwọn oníṣòwò òkè Ọya sì tún dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró. Ẹni tó ní alátà márùn-ún tí ọjà gbogbo wọn ń gba Jẹ́bà wá láti òkè Ọya nígbà náà kò sàn ju ẹni tó ní ẹyọ kan. Lásìkò òjò, ẹ wá àgbẹ̀ Òkè-Ògùn. Tòmátì ìbílẹ̀ máa ń lómi, ó sì ń kan díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Kódà bí ọjà bá pọ̀, ẹ máa ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀wọ́n bá dé, ẹni tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí tòmátì bá pọ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é láìsí epo títí omi á fi gbẹ, kí ẹ dì í sí ọ̀rá ní ìwọ̀n ìsè kan, kó tó wọ fìrísà. Ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí ẹ tó dì í. Bó bá gbóná wọlé, á yọ́ èyí tó ti dì tẹ́lẹ̀. Níbi tí iná ọba bá ti ṣòro, kó má ju ìsè ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ fi tòmátì alágolo àti tàtàṣé dí ìyókù.

Fún àríyá Sátidé, ẹ pe alátà yín ní Ọjọ́rú. Bí kò bá lè sọ ibi tí ọkọ̀ dé, ẹ pe èkejì lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ láìsí èsì, ẹ yọ ti inú fìrísà.