“Ṣé iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́jà ò tó ni?”

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Màmá mi ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 63. Orúnkún ń dùn wọ́n, pàápàá ti ọ̀tún. Ní ọsibítù, wọ́n ya X-ray, wọ́n ní eegun ti ń jẹ, wọ́n sì ní ká lọ rí físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara. Físíò kọ́ wọn ní eré ìdárayá tí wọ́n á máa ṣe lójoojúmọ́, ó sì ní kí wọ́n máa rìn. Oṣù kejì rèé, wọn ò tíì ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí mo bá rán wọn létí, wọ́n á ní, “Ṣé iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́jà ò tó ni?” Wọ́n tún ń bẹ̀rù pé orúnkún náà á túbọ̀ bàjẹ́. Báwo ni mo ṣe lè mú wọn ṣe é? Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì bá màmá jà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó jí ní ìdájí, tó bá àwọn apẹja dúnàádúrà, tó gbé ẹja dé ìsọ̀, a ò lè pè é ní ọ̀lẹ. Ibi tó kù sí ni pé, bí ẹja bá ti dórí àtẹ, màmá á jókòó sórí àpótí kúkúrú, orúnkún á ká, ó sì lè tó wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó dìde. Ọwọ́ àti ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Iṣan iwájú itan, tó yẹ kó gbé orúnkún ró, kò rí nǹkan ṣe, ó sì ń rọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wò wọ́n lọ́la nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde: wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì ti itan, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ìdí sókè, wọ́n á ní “yéè”, kí wọ́n tó nà tán. Iṣan tó rọ ni ẹ̀ ń wò yẹn.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà wọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn pé orúnkún kì í ṣe táyà mọ́tò tó ń jẹ bó ṣe ń yí. Ohun rírọ̀ tó bo orí eegun níbi tí eegun ti pàdé, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn débẹ̀. Inú omi oríkèé ló ti ń jẹun, ìgbà tí orúnkún bá ń ká tó ń nà ni omi náà ń wọlé tó ń jáde. Ó lè dùn wọ́n díẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe eré náà. Ká ní òdo ni pé kò dùn wọ́n rárá, mẹ́wàá sì ni ìrora tó le jù lọ: bí ìrora ọ̀hún kò bá kọjá márùn-ún, tó sì ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò sí ewu. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n má pa á tì.

Ó jọ pé eré tí físíò yín kó fún màmá lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù. Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yẹn rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwé kan wà tí mo máa ń fún gbogbo èèyàn, eré mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ìyá kan dá tirẹ̀ padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Ó ká a ní mẹ́rin, ó fi ọ̀rá wé e, kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Ó ní òun tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú ìwé.

Nísinsìnyí, ìbéèrè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe “Ṣé ẹ ti ṣe é?” o, ìbéèrè ọlọ́pàá nìyẹn. Ẹ bi wọ́n pé, “Màmá, kí lẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí orúnkún yìí ò jẹ́ kí ẹ ṣe mọ́?” Kí ẹ wá dákẹ́. Alhaja kan tí mo bi léèrè bẹ́ẹ̀ kò kọ́kọ́ fèsì. Nígbà tó yá, ó ní orí àga ni òun ti ń kírun, ojú sì ń ti òun láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun. Òun fẹ́ máa forí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tán! Gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe lẹ́yìn náà, ó mọ ibi tó ń lọ. Orí àga tí a gbé ìrọ̀rí méjì lé la ti bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, ó ń jókòó. Nígbà tó ṣe, a yọ ìrọ̀rí kan, a yọ ìkejì, a bọ́ sórí àpótí. Ó gbà wá ní oṣù mẹ́rin. Ó ń forí kanlẹ̀ báyìí, àmọ́ ó ṣì ń di àga mú kó tó dìde.

Bí màmá bá ti sọ tiwọn, ẹ mú eré kan ṣoṣo, kí ẹ bi wọ́n pé, láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ló ṣe dá wọn lójú tó pé àwọn á ṣe é. Bí wọ́n bá pe ohun tí kò tó méje, eré yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ gé e kù.

Dídìde-jíjókòó ni màá fi bẹ̀rẹ̀, ọjà gan-an ni màá sì ti ní kí wọ́n ṣe é. Ẹ wá àpótí tó ga díẹ̀ sí i. Bí oníbàárà kan bá ti lọ, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n ká ọwọ́ sí àyà, kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta bí wọ́n ṣe ń jókòó padà. Kí wọ́n má kàn jábọ́ sórí àpótí, torí ìsọ̀kalẹ̀ yẹn náà ń fún iṣan lágbára. Ẹ kó hóró àgbàdo mẹ́wàá sínú agolo kan. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ju hóró kan sínú agolo kejì. Ẹ̀yin náà á rí i láìbéèrè.

Ní ti rírìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa lo ara níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì ṣe eré tó ń fún iṣan lágbára ní ó kéré tán ọjọ́ méjì. Ẹ má dárúkọ 150 fún màmá, á dẹ́rù bà wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ náà wà nínú ìṣirò. Kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá níbi tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n dé ọjà. Kí ìrìn náà yá débi pé wọ́n lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n wọn ò lè kọrin.

Bí orúnkún bá wú tó sì gbóná, bí ibà bá bá a rìn, bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí òòyì ń kọ́ wọn, kí wọ́n dúró, kí ẹ tọ dókítà lọ. Ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ padà sọ́dọ̀ físíò yín, kí ẹ sọ òótọ́ fún un pé wọn ò ṣe é. Kò ní bínú. Ẹ ní kó mú ẹyọ kan tàbí méjì nínú eré tó fún wọn. Ẹ sì gbé àpótí ọjà yẹn dání lọ, kó fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe kúrú tó.