Resident Evil 4: ti PS2 ni kí o kọ́kọ́ gbá

Àbúrò mi ní Ṣágámù, o ní ẹnì kan fẹ́ ta PS2 (ẹ̀rọ géèmù àtijọ́) àti CD géèmù Resident Evil 4 fún ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o fi owó ra tuntun tí wọ́n tún ṣe, tó jáde ní 2023. Mo ti gbá ti PS2, mo gbá ti kọ̀ǹpútà, mo sì gbá tuntun náà. Ti PS2 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Nínú ti àtijọ́, bí Leon, ẹni tí o máa fi gbá géèmù náà, bá ti na ìbọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lójú kan mọ́. Àwọn kan ń pè é ní àléébù, èmi ò gbà. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù wà. Nígbà tí o bá dé abúlé yẹn ní Spéènì, tí ọkùnrin tó da àpò borí bá tan ayùn onínjínnì, irú èyí tí àwọn agégi Ìjẹ̀bú-Igbó ń lò, tí àwọn ará abúlé sì ń yọ láti gbogbo kọ̀rọ̀, ṣé o máa dúró yìnbọn ni àbí o máa sá? Méjèèjì ò ṣeé ṣe pọ̀. Nínú tuntun, o lè máa fà sẹ́yìn kí o máa yìn ín, o tiẹ̀ lè fi ọ̀bẹ gba ayùn náà dúró. Ó dùn, mi ò ní purọ́, àmọ́ ọkàn mi ò já bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀bẹ yẹn sì ń bàjẹ́, wàá máa sanwó àtúnṣe. Ti àtijọ́ kì í bàjẹ́.

Ìyà PS2 ni iná. Ìdí typewriter, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nínú géèmù náà, lo ti máa sévù (kí ó lè rántí ibi tí o dé). Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gbá a ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn sévù tó kẹ́yìn ti wọmi nìyẹn. Onígéèmù náà ò sì ní dá owó padà (ọmọ Ìjẹ̀bú ṣáà ni). Tuntun máa ń sévù fúnra rẹ̀, àfi bí o bá gbá a ní Professional, ìpele tó le jù.

Ti kọ̀ǹpútà tó jáde ní 2007, má sún mọ́ ọn. Kò gba máòsì rárá. Òkúta ńlá á máa yí bọ̀ lẹ́yìn rẹ, nọ́ńbà bọ́tìnnì pádì tí o máa tẹ̀ ló máa gbé síwájú rẹ, bẹ́ẹ̀ kíbọ́ọ̀dù lo dì mú. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù lo ní, ti 2014 tí wọ́n ń tà lórí Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni kí o rà.

Wọ́n á sọ fún ọ pé àwòrán ti GameCube (ẹ̀rọ géèmù Nintendo), tó kọ́kọ́ jáde ní January 2005, dára ju ti PS2 lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n PS2 ló kọ́kọ́ mú Separate Ways wá, apá àfikún níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti máa di Ada Wong, obìnrin amí inú ìtàn náà. Nínú tuntun, ọ̀tọ̀ lowó ìyẹn.

Kí o tó sanwó, ní kí ẹni tó fẹ́ ta PS2 náà tan án níwájú rẹ. Gbá a dé ìdí typewriter, sévù, pa á, kí o tún un tàn. Bí memory card (káàdì tí PS2 ń tọ́jú sévù sí) ò bá rántí ibi tí o dé, yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tó pè é.